Igi Kúúsi Méje Lórí Yìnyín Hallasalmi

Ẹ̀yin ará Hallasalmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbẹ́ orúkọ kankan sára òkúta yẹn. Ẹ ní kí n wá jókòó síbí nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn tó kù tó fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bébà wa kí wọ́n tó tì í pa lọ́dún tó kọjá. Ẹ fẹ́ kí n wo orúkọ àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́, kí n sọ bóyá ó pé. Kò pé. Ẹnì kan ló ṣẹ́kù, èmi ni mo sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta nìyí. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé yìí kí ahọ́n mi má baà yẹ̀ lójú yín. Dókítà ti ní àìsàn inú mi yìí kò ní jẹ́ kí n rí ọjọ́ tí yìnyín máa yọ́ lórí adágún. Ẹ máa mu kọfí yín lọ. Tí mo bá dákẹ́ láàárín, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀, torí tí ẹnì kan nínú yín bá fojú àánú wò mí, mo lè pa ìwé yìí dé, mo sì ti ń pa á dé láti ìgbà tí irun orí mi ṣì pọ́n bí koríko gbígbẹ.

Ojú-Yìnyín lẹ ń pè mí, àwọn ọmọdé inú yín ò tiẹ̀ mọ̀ pé Aatos Räsälä ni bàbá mi sọ mí. Ẹ ò rí ìgbà tí ẹṣin ṣì ń fa gẹdú. Nígbà yẹn, tí adágún bá ti dì tán ní oṣù Kejìlá, ọ̀nà kan máa ń là látorí erékùṣù Hirsisaari, á gba orí omi tóóró tó wà láàárín kọjá tààrà, á sì dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Èmi ni mo ni ọ̀nà yẹn. Ní àràárọ̀, kí ẹṣin kankan tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, màá gbé díígà, màá gún yìnyín láti etí omi kan dé èkejì, màá ki ọ̀pá ìwọ̀n bọ inú ihò, màá sì kọ bó ṣe nípọn tó sínú ìwé pélébé kan tó wà lápò mi. Níbi tó bá lè gbé ẹrù, màá ri ọmọ igi kúúsi mọ́ inú òjò dídì, irú èyí tí ẹ ń gbé wọlé ní Kérésìmesì, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, kí ìlà wọn máa tọ́ka ọ̀nà. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ igi yẹn kọjá kì í béèrè nǹkan kan. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ti dé ibẹ̀ ṣáájú òun, ó sì ti gún un wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni igi yẹn. Ìgbà òtútù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣe é tí pátákò ẹṣin kan ò rin, mo sì jẹ́ kí ó wọ̀ mí lágbárí.

Nínú ilé gbọọrọ onílẹ̀kùn mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà títí dòní. Oiva Turpela ló wà lẹ́yìn ògiri mi, òun àti Hilja ìyàwó ẹ̀, àti Tuovi ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Pákó lásán ni ògiri yẹn. Tí Hilja bá ń lọ kọfí láàárọ̀, bí ẹni pé etí mi ló ń lọ̀ ọ́ sí. Awakọ̀ ẹṣin ni Oiva, aláwàdà ni, ẹṣin ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Virkku, abo aláwọ̀ ilẹ̀, ló ń bá sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Aatos, ìwọ àti díígà yìí, ẹ ò bá kúkú lọ bá àlùfáà kó so yín pọ̀.” Èmi náà á ní, “Ó ṣáà sàn ju kí n máa há koríko fún ìyàwó mi.” A jọ máa ń rẹ́rìn-ín ni. Lọ́jọ́ Sátidé, tí sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, bá ti gbóná, èmi àtiẹ̀ la máa ń jókòó sórí pákó òkè tí ooru ti pọ̀ jù, tí àwọn tó kù á máa sá jáde. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi tó o. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀tá mi ni.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958 ló ṣẹlẹ̀. Ọdún tuntun ti tán, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní títì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, Vainikka tó jẹ́ fọ́máànù wa wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà sáúnà, aṣọ ìnura ni mo ró. Ó ní, “Aatos, ọ̀la la máa ṣí ilẹ̀kùn ìsédò. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gba abẹ́ yìnyín yẹn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, tún gbogbo ẹ̀ gún kí àwọn awakọ̀ tó jáde, kó o sì tẹ ọ̀nà yẹn sí apá òkè tó bá yẹ.” Mo ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni, Ọ̀gá?” Ó ní, “Rárá o, mo kàn ń sọ ọ́ ni.” Ó lọ. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, òjò dídì rọ̀ títí ó fi dé orúnkún. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ọmọdé inú yín gan-an mọ̀ ọ́n. Omi ń jẹ yìnyín láti ìsàlẹ̀, òjò dídì tún bò ó lórí bíi kùbùsù, òtútù ò sì ráyè wọlé láti tún un ṣe. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo tún yẹ kí n mọ̀ ọ́n jù.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá àwọn awakọ̀ mẹ́rin nínú ilé ẹṣin, wọ́n ń di ìjánu mọ́ ẹṣin wọn. Ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, iná ń jó nínú àdògán, wọ́n ti se kọfí. Díígà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ táútáú. Mo ti mu ife kejì, mo ń mu ẹ̀kẹta. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti wà lórí adágún, ṣùgbọ́n ìta ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ara mi sì ń sọ fún mi pé Tọ́sìdeé ni mo gún un, òtútù ọ̀sẹ̀ yẹn sì le débi tí ìṣó ń ké lára ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn bi mí pé, “Aatos, mélòó ni lónìí?” Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó rò ó. Mo ní, “Sẹ̀ǹtímítà méjìlélógójì.” Iye ti Tọ́sìdeé ni. Bàbá náà wo bàtà mi tí kò rin, ó ní, “Ìgbà wo lo lọ?” Oiva tó bẹ̀rẹ̀ sídìí Virkku, tó ń fi ọtí kanfọ́, oògùn ẹsẹ̀ ẹṣin, ra á lẹ́sẹ̀, ló bá mi dáhùn. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Etí ló fi ń wọ̀n ọ́n. Á kàn dúró létí omi ni, yìnyín á sì ka ọjọ́ orí ẹ̀ fún un.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Aatos?” Àyè nìyẹn. Kí n rẹ́rìn-ín bíi tiwọn, kí n gbé díígà, kí n ní ẹ fún mi ní wákàtí kan, ìyẹn ni ì bá parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé àyà síwájú, mo ní, “Etí mi ò tíì parọ́ fún mi rí.” Oiva nàró, gbogbo ara ẹ̀ ń run kanfọ́. Ó ní, “Ó parí. Tí etí Aatos bá ti ní méjìlélógójì, ẹrù tèmi àti Virkku ló máa pọ̀ jù lónìí, kí ẹ̀yin arúgbó máa wo ẹ̀yìn wa.” Bó ṣe ń fa ẹṣin jáde, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní, “Tí mo bá rì, ìwọ lo máa bá Hilja la igi ìdáná o.” Mo ní, “Ó pẹ́ tí mo ti ń wá irú ààyè yẹn.” Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Wọ́n fi ọkọ̀ pákó òfìfo tí ẹṣin ń wọ́ lórí yìnyín gba ọ̀nà mi kọjá sí erékùṣù, kò sì sí nǹkan kan, torí òfìfo fúyẹ́. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbé díígà, mo forí lé etí omi. Aago mẹ́wàá ti fẹ́ẹ̀ lù, ilẹ̀ ti mọ́ tán, ṣùgbọ́n òjò dídì tún ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ lẹ́lẹ́ bí òwú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi igi àkọ́kọ́ ni mo rí ẹṣin kan tó ń bọ̀ láti Hirsisaari. Oiva ni. Ó ti yára di ẹrù tiẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, gẹdú náà ga ju orí ẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ibi igi keje, Virkku dúró. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún rìn. Mo ń yára kọjá níbí, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Wọn ò tíì rìn tó ìgbésẹ̀ ogún tí yìnyín fi là. Kò pariwo. Ohùn tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ẹṣin, ọkọ̀ pákó, gẹdú, gbogbo ẹ̀ wọlé. Mo sáré títí, mo dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín, mo fi àyà wọ́ dé etí ihò náà, mo na ọ̀pá ìwọ̀n sínú omi, mo pè é. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló léfòó. Omi tí ìsédò ń fà ti gbé e wọ abẹ́ yìnyín lọ. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó rí i, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń kó gẹdú jọ sí lẹ́yìn ilé iṣẹ́.

Ó yẹ kí n sunkún. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan rí mi. Kò sí ẹnì kan. Awakọ̀ mẹ́ta ṣì ń di ẹrù ní erékùṣù, òjò dídì ò sì jẹ́ kí ojú ríran kọjá ìgbésẹ̀ ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ mi ló mọ ohun tó fẹ́ ṣe kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Mo fa igi kẹfà tu, mo fa keje, mo fa kẹjọ, títí dé ìkejìlá. Igi méje. Mo gbé wọn lápá bíi ti ẹni tó lọ ṣẹ́ igi ìdáná, mo yà sí apá òkè, mo gún ibẹ̀ pẹ̀lú díígà, ó nípọn, mo sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìlà náà ṣe kọ̀rọ̀ yípo ibi tí ihò wà. Gbogbo iṣẹ́ tó yẹ kí n ṣe ní aago mẹ́fà ni mo ṣe ní aago mẹ́wàá kọjá, mo sì ṣe é dáadáa, kò sí ẹni tó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò dídì bo ipasẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà tí àwọn yòókù fi máa dé, ogójì ìgbésẹ̀ ni ihò Oiva fi wà lẹ́yìn ìlà igi mi. Mo máa ń tan ara mi jẹ pé igi yẹn ló gba àwọn mẹ́ta yẹn là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí tiwọn ni mo ṣe fà á tu.

Vainikka wá láti ilé iṣẹ́. Ó wo igi, ó wò mí, ó tún wo igi. Òun àti èmi la jọ rin ọ̀nà yẹn ní Tọ́sìdeé, ó mọ̀ pé tààrà ló lọ. Ó ní, “Aatos, o ri igi yìí dáadáa.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá.” Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó dá mi dúró lẹ́yìn ilé ẹṣin. Ó ní, “Èmi ni mo ṣí ìsédò, ìwọ lo ri igi. Ó máa dáa tí àwa méjèèjì ò bá sọ̀rọ̀ púpọ̀.” Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, a ò tún jọ mu kọfí mọ́. Ọlọ́pàá wá, ó béèrè ìwé pélébé mi, ó rí méjìlélógójì níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo ti kọ sí i. Ó ní, “Kí ló lè mú kó yà kúrò lọ́nà tó mọ̀ bí ẹni mọ owó?” Mo ní n ò mọ̀. Ó ní, “Ṣé ó mutí ni?” Ẹ gbọ́ o. Mo wolẹ̀, mo ní, “N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń run lára ẹ̀ nínú ilé ẹṣin.” Òórùn kanfọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin ni. Wọ́n bi àwọn awakọ̀ yòókù, wọ́n ní àwọn náà gbóòórùn nǹkan. Bí ó ṣe di ọ̀mùtí lójijì nìyẹn, ọkùnrin tó jẹ́ pé kọfí àti wàrà kíkan ló ń mu. Ilé iṣẹ́ ní ẹ̀bi ara ẹ̀ ló pa á, wọn ò lọ́wọ́ sí i. Hilja bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ fífọ̀ nínú ilé iṣẹ́ kan náà.

Nígbà tí a sin ín tán, Hilja kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó gbé búrẹ́dì dúdú kan dání, búrẹ́dì ọkà ráì tó ṣì gbóná, ó fi aṣọ ìnuwọ́ eléti pupa wé e. Kò jókòó. Ó ní, “Bọ̀dá Aatos, mo wá bẹ̀ yín nítorí Oiva.” Mo ní kí ló ṣe. Ó ní, “Wọ́n ní ó ti ba ọ̀nà yín jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ò bá nǹkan kan pàdé níbẹ̀, òun ló wá ba orúkọ yín jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ má fi bínú sí ọmọ yìí.” Ọmọ náà dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó di aṣọ ẹ̀ mú, ó ń wo díígà mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹnu mi tiẹ̀ là. Ohun tó jáde ni pé, “Mo ti dárí jì í, Hilja. Mo ti dárí ji gbogbo yín.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo jẹ búrẹ́dì náà tán ní ọjọ́ mẹ́ta, torí n ò mọ ibi tí mo lè sọ ọ́ sí tí kò ní rí i. Aṣọ ìnuwọ́ yẹn, mo tì í mọ́ inú dùrọ́wà, n ò lè lò ó, n ò lè dá a padà.

Láti ìgbà yẹn ni n kò ti lè kúrò lójú kan. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ láti Sweden lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n wá, iṣẹ́ wà, n ò lọ. Mo máa ń di àpótí, màá tún tú u. Ta ló máa la igi ìdáná fún Hilja? Mo là á ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé, mo tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹ̀, ẹ̀yin aládùúgbò ń wí pé, “Ẹ wo ọkàn Aatos, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló tún ń ṣe é lóore.” Hilja kì í lọ sí sáúnà pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù mọ́. Ó máa ń dúró kí gbogbo wọn ṣe tán, kí òkúta tó tutù tán, kó tó gbé ọmọ ẹ̀ lọ. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú òjò dídì. Ní ọdọọdún, tí adágún bá dì, màá tún ri igi, ọ̀nà náà á sì ṣe kọ̀rọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tí àwọn agbégilódò fi gbapò ẹṣin. Ẹ̀yin ará ìlú lẹ sọ ọ́ ní Kọ̀rọ̀ Oiva. Títí dòní, tí ọmọ yín bá fẹ́ ya kúrò lójú ọ̀nà lórí yìnyín, tàbí tó bá ń mutí, tàbí tó kàn ń ṣe agídí, ohun tí ẹ máa ń sọ fún un ni pé, “Má fi ti Oiva ṣe o.” Mo gbọ́ ọ ní ilé ìtajà. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ iléèwé, Tuovi wà láàárín wọn, ọmọ ọdún méje, ó ń bá wọn sọ ọ́. Èmi ni mo fi í sí wọn lẹ́nu.

Ẹ mọ Tuovi. Òun ló ń tọ́jú àwa arúgbó láti ojúlé dé ojúlé, òun náà ló ń kán oògùn sí mi lójú. Ní Mọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ ti mú ìwé orúkọ yín wá bá mi, mo ní kó lọ pe ìyá ẹ̀ wá. Hilja wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá Aatos, ṣé inú yẹn náà ni?” Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti kà fún yín yìí fún wọn. Tuovi jókòó sórí ibùsùn mi. Hilja dúró. Nígbà tí mo parí, mo rò pé á bú mi, mo tiẹ̀ ń retí ẹ̀. Ó ní, “Virkku ń kọ́?” Mo ní, “Kí ni Virkku ṣe?” Ó ní, “Virkku kì í tẹ yìnyín burúkú. Nígbà tí mo lóyún Tuovi, ó dúró lórí adágún fún wákàtí kan, Oiva bẹ̀ ẹ́, ó fún un ní ṣúgà, kò lọ. Nígbà tí wọ́n gún un, yìnyín yẹn ò ju ìka mẹ́rin lọ. Ẹ ní ó dúró níbi igi keje. Kí ló mú kó tún rìn?” Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ọlọ́pàá ò béèrè ìyẹn, Vainikka ò béèrè ẹ̀, èmi gan-an ti fẹ́ fò ó.

Ohun tí mo fò nìyí. Nígbà tí Virkku dúró, Oiva dìde lórí gẹdú, ó wo iwájú, ó rí mi létí omi pẹ̀lú díígà lọ́wọ́ mi. Ó rò pé mo ti ń gún un bọ̀ ni. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń bi mí léèrè. Gbogbo yín lẹ mọ ọwọ́ yẹn, a kì í pariwo lórí adágún nígbà tí òjò dídì bá ń bọ̀. Ṣé kí n máa bọ̀? Ohun tó ń béèrè nìyẹn. Díígà mi ò tíì kan yìnyín rárá. Tí mo bá ní kó dúró, á béèrè ìdí, gbogbo ilé ẹṣin á sì mọ̀ pé etí mi ti parọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi pè é. Máa bọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ẹrù, ó di Virkku mú ní ìjánu, ó sì ṣáájú ẹ̀, kí ẹ̀rù má baà ba ẹṣin náà. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀. Torí pé ó rí ọwọ́ mi.

Hilja gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ló ń pè mí. Ó ní, “Gbé búrẹ́dì mi padà fún mi.” Tuovi ní, “Mọ́mì.” Ó ní, “Mo ní kó gbé búrẹ́dì mi padà.” Ó jáde. Tuovi ló kù lọ́dọ̀ mi. Ó ní, “Bàbá Aatos, ṣé ẹ rántí ibi tí àwọn igi yẹn wà gan-an, kí ẹ tó fà wọ́n tu?” Mo ní mo lè fi ojú dídì tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní, “Ẹ máa wá fi hàn mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Màá fi ọkọ̀ pákó tí à ń fọwọ́ tì gbé yín dé orí adágún. Kì í ṣe torí tiyín.” Ó kán oògùn sí mi lójú, ó lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n ò gbọ́ kí wọ́n lọ kọfí lẹ́yìn ògiri.

Mo ra ìyẹ̀fun ọkà ráì. N ò se búrẹ́dì rí láyé mi. Mo pò ó, mo fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì kó kan, mo yan án, ó jáde bí òkúta. Mo yọ aṣọ ìnuwọ́ eléti pupa yẹn nínú dùrọ́wà, mo fi wé e, mo sì gbé e kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀ lánàá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin lẹ ń fi mọ́tò sáré lórí adágún yìí báyìí. Ọ̀rọ̀ mi fún yín ò pọ̀. Ẹ má gba ìyìn lórí iṣẹ́ tí ẹ ò tíì ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Tí ẹnì kan bá na ọwọ́ sí yín látorí yìnyín tí ẹ ò tíì gún, ẹ dá a dúró, kódà kí gbogbo ayé fi yín rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ yín, Oiva kọ́. Ẹ sọ fún un pé, má fi ti Aatos ṣe o. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní aago mẹ́wàá, màá ri igi kúúsi méje sí ojú ibi tí wọ́n wà, tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó wá. Òkúta yẹn, orúkọ Oiva Turpela ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ sí i, mo bẹ̀ yín. Èmi náà ń tọrọ ìdáríjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ná tèmi lórí opó ẹni tí mo pa.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ yìí láti wá síbí, aṣọ ìnuwọ́ náà ti kúrò lára ilẹ̀kùn Hilja. Búrẹ́dì náà wà lórí àtẹ̀gùn tèmi, ó wà níhòòhò, òjò dídì ti bò ó. Ó ti mú ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Mo gbọn òjò dídì orí ẹ̀ nù, mo sì gbé e sápò. Òun nìyí, mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bù ú jẹ. Tèmi ni.